Òṣèré Kì í Ṣe Agbọ̀rọ̀sọ Lásán: Kọ́lá Oyèwọ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Eré Oníṣe

Àwọn Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí kan eré oníṣe ju ìyókù ẹ̀yà lítíréṣọ̀ lọ, nítorí pé ìdajì ọ̀rọ̀ inú eré oníṣe kò sí lórí ìwé rárá. Ojú òṣèré ni ó wà. Ohùn rẹ̀ ni ó wà. Ó wà nínú bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń jókòó àti bí ó ṣe ń dákẹ́. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ eré oníṣe Yorùbá, ìwé nìkan ni olùkọ́ máa ń gbé dání. Akẹ́kọ̀ọ́ kan a ka ọ̀rọ̀ ọba, òmíràn a ka ọ̀rọ̀ ìjòyè, olùkọ́ a kọ ìwà ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan sí ojú pátákó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a dà á kọ, ó parí. Nígbà tí ìdánwò bá dé, ohun tí ó wà lójú pátákó náà ni wọn yóò dá padà: ọba yìí jẹ́ olójúkòkòrò, ìjòyè yẹn jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, ìyàwó náà jẹ́ onísùúrù. Kò sí ẹni tí ó béèrè bí òǹwòran ṣe mọ̀ pé ọba náà lójúkòkòrò, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí ọba tí í fi ẹnu ara rẹ̀ kéde bẹ́ẹ̀.

Àṣà yìí kò ṣàìní àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní òǹkọ̀wé ni ó ni eré, pé òṣèré kò ju ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò kò ní ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lé, pé nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí kọ́ lára wọn. Wọ́n tún ní fíìmù ti ba eré jẹ́, àti pé àgbà òṣèré tí ó kúrò lórí ìtàgé tí ó lọ ń gba ipa ọba tàbí ipa baba arúgbó nínú fíìmù ti fi ogún rẹ̀ ta ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò tọ̀nà, wọ́n sì ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ̀rí, kí ó wo iṣẹ́ Kọ́lá Oyèwọ̀.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ALÁRÌNJÒ

Ọdún 1946 ni wọ́n bí Oyèwọ̀. Ní ọdún 1964, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí tí ó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó. Ìlú Òṣogbo ìgbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlú kan lásán nínú ọ̀rọ̀ eré. Ibẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá ń gbé; ibẹ̀ ni Dúró Ládípọ̀ ti gbé eré Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963. Adéjọbí fúnra rẹ̀, láìka ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dá ṣáṣá sí, jẹ́ ọ̀gá tí òkìkí rẹ̀ kàn láti orí ìtàgé dé orí tẹlifísàn. Àwọn tí wọ́n gbádùn Kóòtù Aṣípa mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n wo Orogún Adédigba náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ Kúyẹ̀ tí J. F. Ọdúnjọ kọ wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà sọ di eré.

Lóòótọ́, ẹgbẹ́ yìí kì í tẹ̀ lé ìwé bí ọmọ iléèwé ṣe ń tẹ̀ lé ìwé. Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá wọn rìnrìn-àjò tí ó sì bá wọn ṣeré, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní kíkún nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 lórí ẹgbẹ́ Adéjọbí. Olórí ẹgbẹ́ a sọ ìtàn, a pín ipa fún oníkálukú, òṣèré kọ̀ọ̀kan a sì wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ipa rẹ̀ mu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìlú dé ìlú ni ọ̀rọ̀ náà ń dàgbà. Èyí tí òǹwòran pa àtẹ́wọ́ fún yóò dúró, èyí tí wọ́n gbọ́ tí wọn kò mira yóò já dànù.

Ṣé èyí ni wọ́n wá ń pè ní àìní ohun tí a lè kọ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ lé ìjálá kúrò ní iléèwé. Kí wọ́n lé ẹsẹ Ifá, kí wọ́n lé oríkì, kí wọ́n lé ẹkún ìyàwó, nítorí pé ẹnu ni gbogbo wọn ti wá, kò sí ọ̀kan tí ó bá ìwé wá sáyé. Kò sí olùkọ́ Yorùbá kan tí yóò sọ lónìí pé oníjàálá kò mọ nǹkan nítorí pé kò kọ ìjálá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó sun ún. Ọ̀mọ̀wé a gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá oníjàálá lóko, a jókòó tì í, a sì tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ní ẹyọ-ẹyọ. Nígbà tí ó bá wá kan òṣèré tí òun náà ń fi ẹnu ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lójú agbo, wọn a ní eré lásán ni. Òṣùwọ̀n méjì ni èyí, òṣùwọ̀n méjì kò sì yẹ ọjà ìmọ̀.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún lè rí kọ́ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kéré. Yóò kọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di ti ẹni tí ó ń sọ ọ́. Yóò kọ́ láti máa gbọ́ òǹwòran bí onílù ṣe ń gbọ́ ẹsẹ̀ oníjó. Yóò sì mọ̀ pé bí òun bá ṣi òwe pa níwájú àwọn àgbà ìlú, lójú ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi ẹ̀rín dá sẹ̀ríà fún òun. Ìdánwò wo ni ó le ju èyí lọ?

ỌDẸ́WÁLÉ

Láti Òṣogbo, ọ̀nà gba Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti ń darí àwọn òṣèré Orí Olókun. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré The Gods Are Not to Blame ní ọdún 1968, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1971. Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ̀ pé ìtàn Gíríìkì tí Sophocles ṣe eré lé lórí ni Rótìmí mú wọ aṣọ Yorùbá. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Oyèwọ̀ gba ipa Ọdẹ́wálé, ipa náà ni ó sì sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá lórí ìtàgé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí fi kọ eré náà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ń mí sábẹ́ rẹ̀ ni. Òwe Yorùbá kún inú rẹ̀. Bí ọba ṣe ń bá ìjòyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí ààfin Yorùbá ni. Ẹni tí ó bá ka irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ bí ìròyìn orí rédíò yóò pa á kú fin-ín. Ó gba ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ ìró Yorùbá láti inú agbo alárìnjò kí ọba náà tó lè dún bí ọba. Nítorí náà, ohun tí Oyèwọ̀ gbé wọ eré náà kì í ṣe ohun tí Rótìmí lè tẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀dọ̀ Adéjọbí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Oyèwọ̀ kò dúró síbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì tún kọ́ni ní Yunifásítì Redeemer's. Ìtàn yìí tó láti pa àwọn tí ń wí pé púrúǹtù ni gbogbo alárìnjò lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́. Oyè kọ́ ni ó sọ ọ́ di òṣèré. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú agbo alárìnjò kò fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà yunifásítì títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀, ọ̀gá sì ni wọ́n nínú iṣẹ́ wọn. Yunifásítì ni ó gba ọgbọ́n wọlé nígbà tí ó gba Oyèwọ̀ wọlé.

LÁPITÉ

Fíìmù Ṣaworoidẹ jáde ní ọdún 1999. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìtàn rẹ̀, Túndé Kèlání ni ó darí rẹ̀ lábẹ́ Mainframe, ilé iṣẹ́ aládàáni tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ọdún yẹn gan-an, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ni àwọn ológun gbé ìjọba Nàìjíríà fún alágbádá. Kò sí òǹwòran tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìlú Jogbo ń lọ. Ní ìlú náà, májẹ̀mú wà láàárín ọba, adé àti ìlù ṣaworoidẹ. Ẹni tí yóò jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí ó sì bá ìlú mulẹ̀. Bí ẹni tí kò gba gbẹ́rẹ́ bá dé adé náà, tí wọ́n sì lu ṣaworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité, tí Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́, nítorí pé owó ni ó tìtorí rẹ̀ fẹ́ jọba. Àwọn agégẹdú wọ igbó, òun àti àwọn ìjòyè ń jẹ nínú rẹ̀, ìlú ń kérora, àwọn ọ̀dọ́ dìde. Níkẹyìn, ológun tí wọ́n pè láti wá pa iná ọ̀tẹ̀ náà, Lágàta, ni ó gba ìjọba mọ́ wọn lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé olójúkòkòrò ni Lápité. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò dé ibì kan ni. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ni pé láti ọjọ́ tí Lápité ti kọ gbẹ́rẹ́ ni ó ti di ọba tí ń bẹ̀rù adé orí ara rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò lè máa fi èyí sí i lẹ́nu, nítorí pé ọba tí ó bá ń kéde ìbẹ̀rù rẹ̀ ní gbangba kò ní pẹ́ lórí oyè. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tí ó bọ́ sọ́wọ́ òṣèré. Oyèwọ̀ ní láti ṣe ọkùnrin méjì nínú agbádá kan: ọba tí gbogbo ìlú ń rí, àti ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọ́ ìlù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lu ìlù. Bí òṣèré bá fi ipa náà ṣe yẹ̀yẹ́, òǹwòran yóò rẹ́rìn-ín, ìtàn yóò sì fẹ́rẹ̀. Bí ó bá fi ṣe òǹrorò lásán, òǹwòran yóò kórìíra rẹ̀, kò sì ní rí ohunkóhun kọ́. Lápité tí Oyèwọ̀ ṣe ní làákàyè. Ó ní ìdí tí ó fi ń ṣe ohun tí ó ń ṣe. Ó ka òṣì sí ohun tí kò yẹ ọba. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ tí àwọn alágbára ìlú máa ń sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ìlú jẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì mi orí sí i.

Àwọn kan ti ní irú ìṣeré báyìí tóbi jù fún fíìmù. Wọ́n ní ohùn alárìnjò tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jù sí òpin gbọ̀ngàn kò bá kámẹ́rà tí ó wà nítòsí ẹnu mu. Àròyé yìí lè tọ̀nà nínú eré ọkọ àti ìyàwó inú yàrá kan ní ìlú Èkó. Ṣùgbọ́n kí ni ààfin Yorùbá bí kì í bá ṣe ìtàgé? Ọba a jáde sí gbangba pẹ̀lú adé tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bo ojú, akígbe a ké, onílù a lù, gbogbo ìlú a dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ohùn pẹ́lẹ́ inú yàrá ṣe ọba níbẹ̀ ni ó purọ́. Ohùn ńlá náà ni aṣọ ọba. Nígbà tí ìlú bá ń wo Lápité, ó gbé aṣọ náà wọ̀. Nígbà tí ó bá ku òun àti ìbẹ̀rù rẹ̀, aṣọ náà a yọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ohùn ńlá kò lè sọ ọ́ nù lójú òǹwòran. Nítorí náà, ohun tí wọ́n pè ní àbùkù ìtàgé ni irinṣẹ́ tí ó gbé fíìmù náà dúró.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tí ń fi ìwé nìkan kọ́ni kò gbọdọ̀ gbàgbé. Lẹ́yìn fíìmù yìí ni Ìṣọ̀lá tó tẹ Ṣaworoidẹ ní ìwé. Àwọn òṣèré ti ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i kà. Lápité tí ó wà nínú ìwé náà ti ní ojú, ojú Oyèwọ̀ sì ni. Bí òṣèré bá jẹ́ ẹni tí ń tẹ̀ lé ìwé lẹ́yìn lóòótọ́, báwo ni ìwé ṣe wá tẹ̀ lé òṣèré lẹ́yìn?

IPA KÉKERÉ, IṢẸ́ ŃLÁ

Ó ku ẹ̀sùn kẹta, pé àwọn àgbà òṣèré ta ìtàgé fún fíìmù. Ìtàn kò gbè é. Àwọn ọ̀gá ìtàgé fúnra wọn ni wọ́n gbé eré wọ fíìmù nígbà tí wọ́n rí i pé ayé ń yí. Adéyẹmí Afọláyan wà nínú Àjàní Ògún ní ọdún 1976. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní ọdún 1979, ó sì gbé Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Ní ọdún 1982, Moses Ọláìyá gbé Ọ̀run Mọ̀ọ́rù jáde, àwọn olè sì dà á kọ, wọ́n tà á, wọ́n sì sọ ọ́ di onígbèsè. Nígbà tí owó náírà wálẹ̀ ní àárín ọdún 1980 sí 1989, fíìmù alásè di ohun tí apá kò ká mọ́, fídíò sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó ní aya àti ọmọ kò lè jókòó sí gbọ̀ngàn tí òǹwòran kò wá sí mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní ti ipa kékeré, Adébáyọ̀ Fálétí tó ẹ̀rí. Akéwì ni, òǹkọ̀wé Baṣọ̀run Gáà àti Ọmọ Olókùn Ẹṣin ni, síbẹ̀ nínú Ṣaworoidẹ, ipa Baba Ọ̀pálábá ni ó gbà, baba arúgbó tí ń rìn kiri tí ń fi òwe sọ òótọ́ fún ìlú. Ìṣẹ́jú tí ó fi hàn kò pọ̀, ṣùgbọ́n mélòó ni òǹwòran tí ó gbàgbé rẹ̀? Kò sí ẹni tí ó sọ pé Fálétí bọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọ́ nípa àwọn òṣèré tí wọn kò kọ ìwé?

Kò yẹ kí a bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù ni kò dára. Wọ́n a sáré yà á láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n a gbé àgbà òṣèré wọ adé páálí, wọ́n a ní kí ó pariwo, kí ó bú ìyàwó rẹ̀, kí ó pe babaláwo. Ẹni tí wọ́n fún ní iṣu jíjẹrà kò lè fi gún iyán tí yóò fà. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwọn tí ó fún un ní iṣu. Nígbà tí fíìmù Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe àti Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyìí Bándélé darí jáde ní ọdún 2022, gbogbo ayé rí i pé èdè Yorùbá ìjìnlẹ̀ ṣì lè gbé fíìmù ńlá. Ìmọ̀ ìtàgé àtijọ́ kò tí ì di ohun àgbọ́ntì.

OHUN TÍ Ó KAN OLÙKỌ́ ÀTI OLÙṢÈDÁNWÒ

Ewu tí ó wà nílẹ̀ báyìí jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìyìn òṣèré kan. Ní ọdún 2024, fíìmù House of Ga'a jáde, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè wò ó lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo eré yóò kó ohun tí ó rí níbẹ̀ sínú ìdáhùn lórí Baṣọ̀run Gáà ti Fálétí, yóò sì pàdánù máàkì. Kíkìlọ̀ fún un pé kí ó má wo fíìmù kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé yóò wò ó. Kíkọ́ ọ láti ya iṣẹ́ òǹkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ olùdarí àti iṣẹ́ òṣèré ni yóò ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ìbéèrè bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìwà Lápité, ìdáhùn tí ó péye gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta: ohun tí Lápité sọ, ohun tí ó ṣe, àti ohun tí òǹwòran rí lára rẹ̀ tí kò sọ. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ apá kẹta yìí, kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣe ìran kan náà ní ọ̀nà méjì, kí kíláàsì sì sọ ohun tí ó yí padà bí ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Ẹ̀kọ́ yìí kò gba owó. Àwọn tí ń ṣètò ìdánwò náà ní láti gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì fún un ní máàkì. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì sì ní láti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn àgbà òṣèré bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ bá oníjàálá.

Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìdádúró. Adéjọbí ti lọ láti ọdún 2000. Fálétí lọ ní ọdún 2017, Ìṣọ̀lá àti Moses Ọláìyá lọ ní ọdún 2018, Jímọ̀ Àlíù lọ ní ọdún 2020. Ohun tí òǹkọ̀wé inú wọn kọ wà lórí pẹpẹ ìwé. Ohun tí ó wà nínú ohùn àti ojú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè, ti bá wọn wọlẹ̀. Bí ogún ẹni bá dá ni lójú, ńṣe ni à á fi gbárí.

Àwọn tí ń pe òṣèré ní ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kò tilẹ̀ ṣìnà pátápátá. Òwe ni wọn kò pa dé òpin. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ńṣe ni à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òǹkọ̀wé a ránni níṣẹ́. Kọ́lá Oyèwọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Olùkọ́ tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí han akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tí ì kọ́ ọ ní eré oníṣe.